Lẹ́tà Tí Wọ́n Kọ KIV Sí Lórí

Olóòtú mi ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o.

Lọ́yà ni mí, Àkúrẹ́ níbí ni mo ti ń ṣe é, iṣẹ́ tó sì pọ̀ jù lọ́wọ́ mi láti bí ọdún mẹ́rìnlá ni kí n máa gbèjà ìjọba ìbílẹ̀ ní kóòtù tí aráàlú bá pè wọ́n lẹ́jọ́. Ẹjọ́ ọ̀daràn kọ́ o, ti pé káńsù wó ṣọ́ọ̀bù mi, káńsù jẹ mí lówó iṣẹ́, káńsù wọ ilẹ̀ bàbá wa, irú ìyẹn ni. Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn a lọ síbi ìkómọ kan ní Òkè-Àró, bàbá kan tí mo bọ̀wọ̀ fún ń sọ bí gọ́tà tí káńsù gbẹ́ ṣe fa ògiri ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn ya, wọ́n wá yíjú sí mi níwájú gbogbo èèyàn, wọ́n ní "ẹ̀yin lẹ ń bá wọn fi òfin lu aráàlú." Mi ò rí nǹkan kan fi dá wọn lóhùn lọ́jọ́ náà, torí ọ̀rọ̀ wọn rán mi létí ẹjọ́ kan tí mo jàre ẹ̀ tí inú mi ò dùn sí títí dòní.

Mi ò ní dárúkọ káńsù náà. Wọ́n fẹ́ fẹ gọ́tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, kàtàpílà dé láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó sì gbé ìdajì ṣọ́ọ̀bù ìyá kan tó ń ta aṣọ lọ. Ìyá yìí ní rìsíìtì gbogbo owó tó san fún káńsù, ó ní ìwé tí wọ́n fi fún un láyè, kò sí èyí tó sọnù níbẹ̀. Ó ní kí ọmọ òun bá òun kọ lẹ́tà sí wọn, wọn ò fèsì, ó tún ní kó kọ òmíràn. Tó bá lọ bèèrè, wọ́n á ní Màmá ẹ ṣe sùúrù, alága ti gbọ́ sí i, wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀. Ó sì ṣe sùúrù lóòótọ́. Oṣù méje ti kọjá kó tó lọ wá lọ́yà, lọ́yà ọ̀hún sì kàn gba kóòtù lọ tààrà.

Òfin tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba ní oṣù mẹ́ta péré lèèyàn ní láti pe ẹjọ́, láti ọjọ́ tí nǹkan ọ̀hún ṣẹlẹ̀. Òfin ìjọba ìbílẹ̀ lọ́pọ̀ ìpínlẹ̀ tún ní kéèyàn kọ́kọ́ fún káńsù ní ìwé ìkìlọ̀ oṣù kan gbáko kó tó dé kóòtù, kó sì kọ orúkọ ẹ̀ síbẹ̀, ibi tó ń gbé, ohun tí wọ́n ṣe fún un àti ohun tó ń bèèrè. Ìyá yìí ò bá ọ̀kankan pàdé. Mo gbé e síwájú adájọ́, torí tí mi ò bá gbé e síbẹ̀ mo ti ta oníbàárà mi nìyẹn, adájọ́ gbọ́ tẹnu mi, wọ́n sì da ẹjọ́ nù. Ọ̀rọ̀ pé ṣé ó yẹ kí wọ́n wó ṣọ́ọ̀bù tàbí kò yẹ, a ò tiẹ̀ débẹ̀ rárá. Nígbà tí mo jáde síta mo rí i tó ń ká àwọn rìsíìtì yẹn padà sínú ọ̀rá, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ká owó.

Ohun tó dùn mí jù ò tíì dé. Lẹ́yìn ìdájọ́ ni mo tó rí ojúlówó fáìlì káńsù, torí gbogbo àkókò tí mo fi ń bèèrè ẹ̀ wọ́n ní àwọn ń wá a. Lẹ́tà ìyá yẹn méjèèjì wà níbẹ̀, wọ́n fi òǹtẹ̀ gbà á, wọ́n sì kọ KIV sí orí ẹ̀ pẹ̀lú báírò pupa. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ìjọba mọ ohun tí ìyẹn jẹ́: ẹ gbé e síbẹ̀ ná, ẹ ṣì máa wò ó. Ẹnikẹ́ni ò wò ó. Owó tí ìyá yìí kọ́kọ́ bèèrè nínú lẹ́tà ò tó ìdajì owó tí káńsù san fún mi kí n lè bá wọn jàre.

Ẹ̀yin èèyàn mi ní káńsù, ìdí tí òfin fi ní kí aráàlú fún yín ní oṣù kan ni pé kí ẹ lè rí àyè wò ó, kí ẹ pe ẹni náà, kí ẹ jókòó, kí ẹ sì san ohun tó bá tọ́ kó tó di ariwo. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n lẹ́tà á dé tébìlì akọ̀wé, akọ̀wé á ní ó di ọwọ́ ẹ̀ka iṣẹ́, ẹ̀ka iṣẹ́ á ní ẹ̀ka owó, ìgbà tí akódà kóòtù bá gbé ìwé ìpẹ̀jọ́ wá ni wọ́n máa tó rántí pé àwọn ní lọ́yà.

Kì í sì í ṣe aráàlú nìkan ló ń jìyà ẹ̀. Mo ti pàdánù ẹjọ́ tó yẹ kí n jàre nítorí ìwé tí káńsù ò rí mú wá. Ẹnì kan á ní òun kó òkúta wá fún káńsù wọn ò sanwó, mo máa ní ẹ fún mi ní ìwé tẹ́ ẹ fi gba òkúta, wọ́n á ní ọ̀gá tó mọ̀ nípa ẹ̀ ti rìtáyà, èkejì ẹ̀ wọ́n ti gbé e lọ sí káńsù míì, alága ìgbà yẹn ti lọ. Kí lẹ fẹ́ kí n sọ níwájú adájọ́? Káńsù á san án pẹ̀lú èlé, owó ẹ̀ á sì kúrò nínú ohun tó yẹ kí wọ́n fi kó pàǹtírí, kí wọ́n fi tún ọjà àti ojú ọ̀nà ṣe, torí àwọn nǹkan yẹn gan-an ni òfin ilẹ̀ wa ti 1999 gbé lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́. Ní July 11, 2024 Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Àbújá sọ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́dọ̀ wọn tààrà, kí gómìnà má dì í mú mọ́. Mo yọ̀ sí i gan-an ni. Káńsù méjìdínlógún tó wà ní ìpínlẹ̀ Oǹdó yìí náà wà nínú ẹ̀, tí owó bá sì di tiwọn, gbèsè kóòtù náà di tiwọn, wọn ò ní lè na ìka sí gómìnà.

Aráàlú náà ẹ gbọ́ o. Tí káńsù bá ní kí ẹ jẹ́ ká jọ sọ ọ́, ẹ bá wọn sọ ọ́, àmọ́ ẹ máa ka ọjọ́. Láti 1994 ni Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti sọ pé ìjíròrò ò dá ọjọ́ dúró. Oṣù kan ti ìkìlọ̀ náà ń kúrò lára oṣù mẹ́ta yẹn ni, ìyẹn ni pé oṣù méjì péré lẹ ní láti fi kọ lẹ́tà yín. Ọ̀rọ̀ àdéhùn iṣẹ́ wà lára ohun tí òfin oṣù mẹ́ta yẹn kì í kàn, ẹ má sì torí ìyẹn jókòó. Ẹ̀dà lẹ́tà tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ jẹ́ kí ẹni tó gbà á buwọ́ lù ú, kó kọ déètì sí i. Ẹni tí ò bá lówó lọ́yà, kó lọ bá Legal Aid Council, iṣẹ́ wọn nìyẹn.

Bàbá Òkè-Àró, ẹ jọ̀ọ́ sà, tí ẹ bá ka èyí, ẹ bá mi sọ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n yín pé kó má dúró de alága mọ́. Bí ẹ ṣe sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ, ó ti wọ oṣù kejì tí ògiri yẹn ti ya. Kó kọ lẹ́tà ẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Tó bá sì já sí pé èmi ni káńsù gbé e fún, màá pè é ká jọ jókòó.

Èmi ni tiyín,
Lọ́yà kan, Àkúrẹ́.