Lẹ́tà sí Àkànní: Suede kò kú lọ́jọ́ tí Butler lọ

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé àlàáfíà lo wà? Màámi ńkọ́, ṣé ara wọn ti ń le? Òtútù kò jẹ́ ká gbádùn ní London níbí, ṣùgbọ́n a dúpẹ́.

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. O ní ọjọ́ tí Bernard Butler, onígìtá wọn, fi Suede, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sílẹ̀ ni Suede ti parí, kí n má tiẹ̀ dárúkọ Coming Up, àwo tí wọ́n ṣe lẹ́yìn rẹ̀, sí ọ létí mọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi, òun ni mo ṣe jókòó ti bébà.

Pé Butler mọ gìtá ta, ta ló máa jiyàn ìyẹn? Iṣẹ́ ńlá ni àwo Dog Man Star tó jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 1994. Ṣùgbọ́n inú ìjà ni wọ́n ti ṣe é. Àárín Butler àti Brett Anderson, akọrin wọn, ti dàrú. Butler ní kí wọ́n lé Ed Buller tó ń darí ìgbohùnsílẹ̀ wọn, wọn ò gbà, ó sì bá tirẹ̀ lọ kí àwo náà tó parí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò bíi tìrẹ nígbà náà.

Richard Oakes ni wọ́n mú rọ́pò rẹ̀, ọmọ ọdún 17 láti Poole, tó fi kásẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí wọn. Wọ́n ní nígbà tí Simon Gilbert tó ń lùlù fún wọn gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì ọ̀hún níbi tó ti ń dún, ó ṣèbí orin Suede àtijọ́ ni. Rò ó wò, Àkànní: ọmọdé yẹn ló lọ dúró lórí ìtàgé, tó ń ta orin Butler níwájú àwọn tó jẹ́ pé tìtorí Butler ni wọ́n ṣe wá! Lẹ́yìn náà ni Neil Codling dé, ìbátan Gilbert. Ó wá yá kóòtù lọ́wọ́ Gilbert ni, ó sì di ẹni tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù fún wọn.

Ohun tó wù mí jù ni pé wọn ò wá Dog Man Star kejì lọ. Orin kan ṣoṣo nínú àwo yẹn, "The Asphalt World", ju iṣẹ́jú mẹ́sàn-án lọ. Anderson ní lọ́tẹ̀ yìí, òun fẹ́ àwo tí orin inú rẹ̀ kọ̀ọ̀kan á lè dá dúró lórí rédíò. Ọ̀dọ̀ Marc Bolan ló padà sí, sí àwo The Slider tí T. Rex, ẹgbẹ́ Bolan, ṣe ní 1972, láyé ìgbà tí àwọn ọkùnrin ń kun ojú, tí wọ́n ń wọ aṣọ tó ń dán, tí gbogbo ọmọdé sì lè gba ègbè orin wọn. Orin mẹ́wàá péré ló wà nínú Coming Up. Ọjọ́ 2 oṣù kẹsàn-án ọdún 1996 ló jáde, kò tíì pé oṣù kan lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ olórin Oasis kó èrò rẹpẹtẹ jọ síbi eré wọn ní Knebworth. Ó gba ipò kìíní ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, márùn-ún nínú orin rẹ̀ sì wọ mẹ́wàá àkọ́kọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Tún gbọ́ "Trash" nínú àwo náà. Àwọn tí aráyé ń fojú pàǹtí wò ni Anderson ń kọrin fún, ó ka ara rẹ̀ mọ́ wọn, ó sì ń fi yangàn. Gìtá Oakes ń dá a lóhùn bí ìyáàlù ṣe ń dá akọrin lóhùn, kò jẹ́ kí ohùn náà dá nìkan wà. Kò sí ìbànújẹ́ kankan níbẹ̀. Lójú tèmi, ó ṣòro láti kọ irú ìdùnnú bẹ́ẹ̀ ju àti kọ orin arò lọ, pàápàá fún àwọn tí wọ́n ti ń ṣọ̀fọ̀ wọn.

Bí o bá sì ní wọn ò lè rọra kọrin mọ́, "By the Sea" wà níbẹ̀. Dùùrù ló fi bẹ̀rẹ̀, jẹ́jẹ́. Tọkọtaya kan ta mọ́tò, wọ́n fiṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n kúrò ní Seven Sisters, àdúgbò kan ní London níbí, lọ gba yàrá kan létí òkun. Mo máa ń gba Seven Sisters kọjá, mo sì mọ irú àárẹ̀ tó ń mú èèyàn ronú bẹ́ẹ̀. Anderson nìkan ló kọ ọ́, kò sí ọwọ́ Butler níbẹ̀, kò sí ti Oakes.

Gbé gìtá rẹ, kí o wá ìbẹ̀rẹ̀ "Beautiful Ones" inú Coming Up kàn. Tí ọwọ́ rẹ bá ti mọ̀ ọ́n, kọ̀wé sí mi, kí o sọ bóyá ọmọ tó ń sín Butler jẹ ló ta á. Bá mi kí ìyàwó, kí o sì bá mi kúnlẹ̀ fún Màámi.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Àlàbí