Òpin gíga igi nìkan kò lè dá wíwú ètò dúró

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àlàyé yín lórí kọ̀ǹpútà tó ń gba àṣẹ látinú ọpọlọ yéni yékéyéké, àfi ibi tí ẹ ti ní bí a bá ti fi òpin sí gíga igi, ètò tí genetic programming ń hù jáde kò ní wú mọ́, ìyẹn ni pé kò ní máa gùn sí i láìwúlò. (Nínú genetic programming, kọ̀ǹpútà ló ń hu ètò fúnra rẹ̀: a ya ètò kọ̀ọ̀kan bí igi, a fún un ní máàkì bó ṣe ṣiṣẹ́ tó, àwọn tí máàkì wọn ga ló sì ń bí ìran tó kàn.) Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ìpele 17 ni John Koza, aṣáájú nínú genetic programming, fi ṣe òpin gíga igi ní 1992. Igi tó ń ya méjì-méjì dé ìpele 17 lè ní oríkèé (ibi tí iṣẹ́ ìṣirò tàbí iye kan wà) 131,071! Ẹ tú irú rẹ̀ wò, ẹ ó bá nǹkan bíi x + 0 × (…) níbẹ̀. Ohun yòówù kó wà nínú àkámọ́ yẹn, òfo ni, síbẹ̀ kọ̀ǹpútà á ṣírò rẹ̀.

Bí a bá ń gé ẹ̀ka igi méjì fi pààrọ̀ ara wọn, ohun tí ọ̀kan pàdánù ni èkejì ń jèrè. Àmọ́ igi bíńtín máa ń pọ̀ nínú àwọn ọmọ, wọn kì í rí máàkì tó ga gbà, wọ́n á sì já. Àwọn fìrìgbọ̀n ló ń ṣẹ́kù bímọ.

Ẹni tó bá fẹ́ dá wíwú dúró, tó ń yọ c × gígùn kúrò nínú máàkì (c jẹ́ nọ́ńbà tí a yàn, gígùn ni iye oríkèé igi), tí kò yí c padà, á jìyà: c kékeré kò ní dá wíwú dúró, c ńlá á sọ gbogbo igi di oríkèé kan ṣoṣo. Àwọn onímọ̀ genetic programming, Riccardo Poli àti Nicholas McPhee, fi hàn ní 2008 pé ìran kọ̀ọ̀kan ló yẹ ká tún c ṣírò fún: covariance gígùn àti máàkì (bí méjèèjì ṣe ń bá ara wọn yí padà), ká fi variance gígùn (bí gígùn àwọn igi ṣe yàtọ̀ síra tó) pín in. Bí covariance bá jẹ́ 0.8, tí variance jẹ́ 400, c di 0.002, igi tó fi oríkèé 50 gùn ju ẹgbẹ́ rẹ̀ pàdánù 0.1. Yíyan òbí nìkan ni máàkì tí a gé yìí wà fún o. Máàkì gidi ni kí ẹ fi mú ètò tí ẹ ó lò.

Ti ọpọlọ ló tún le jù. Àmì P300, ìyẹn àmì iná mànàmáná tí ọpọlọ ń mú jáde bí ohun tí èèyàn ń retí bá yọ, máa ń hàn ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá lẹ́yìn tí iná bá tàn fìrí, kò sì ju microvolt (ìdá kan nínú mílíọ̀nù volt) díẹ̀ lọ, nígbà tí àmì ojú tó ṣẹ́ lè kọjá 100. Igi ńlá láyè láti há bí ojú ṣe ń ṣẹ́ sórí, á gba máàkì rẹpẹtẹ lórí dátà àná, á sì fọ́ lọ́la tí fìlà tó ń gba àmì ọpọlọ bá sún díẹ̀ tàbí tí jẹ́ẹ̀lì abẹ́ rẹ̀ gbẹ. Dátà ọjọ́ mìíràn ni kí ẹ fi dán an wò, kì í ṣe èyí tí ẹ ṣà nínú ti ọjọ́ kan náà.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín