Àlejò Tí Kò Bá Wa Dá Aṣọ

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Aránṣọ ni mí. Ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí Lagos Garage ní Ìjẹ̀bú-Òde, ibi tí mo jókòó sí nídìí máṣíìnì ni mo ti ń rí èrò tó ń wọkọ̀ àti èyí tó ń sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn oníbàárà mi fẹ́ràn láti máa sọ: pé àánú ti tán nígboro, pé bí èèyàn bá ṣubú lónìí, fọ́tò ni wọn yóò kọ́kọ́ yà kí wọ́n tó gbé e dìde. Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. N kò sọ ọ́ mọ́, ẹ sì jẹ́ kí n ro ohun tó fà á.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, ọmọbìnrin kan yà sí ẹnu ọ̀nà mi, báàgì lẹ́yìn, ẹrẹ̀ dé kókósẹ̀. Bóyá akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ sí yunifásítì ní Ìjagun ni, n kò bi í. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàsán mà. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí n ṣáàjì fóònù mi, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, kí n lè pe ẹni tí mo ń lọ bá." Jẹnẹrétọ̀ mi ń dún lẹ́yìnkùlé. Mo ní kò sí iná. Ó gbójú sókè wo fáànù tó ń yí lórí mi, ó ní, "Ẹ ṣé mà," ó sì padà sínú òjò. Kò pòṣé, kò kùn.

Ìyá alákàrà tó wà ní òdìkejì títì ló pè é. Ìyá yẹn kò ní jẹnẹrétọ̀, agboòrùn ló fi ń ṣe ṣọ́ọ̀bù. Mo ń wò wọ́n láti ìdí máṣíìnì. Ó fi etí ìró rẹ̀ nu epo lọ́wọ́, ó yọ fóònù kékeré kan ní àyà, ó ní kí ọmọ náà yọ síìmù tirẹ̀ kí ó fi sínú rẹ̀. Àwọn méjèèjì forí kan orí lábẹ́ agboòrùn, wọ́n ń wá bí ẹ̀yìn fóònù ṣe máa ṣí. Nígbà tó yá, mo rí i tí ọmọ náà ń sọ̀rọ̀, tó ń rẹ́rìn-ín. Aṣọ tí mo ń rán lọ́wọ́ nígbà yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tú u.

Olóòtú, ẹ̀rù ló bà mí. A ti gbọ́ ti ẹni tó gba àlejò sílé tí àlejò gbé owó rẹ̀ lọ, a ti gbọ́ ti ajínigbé. Ẹni tí ẹ̀rù kò bà láyé tí a wà yìí, kò tíì gbọ́ ìròyìn ni.

Ìlú wa tilẹ̀ ti ní orúkọ lórí ọ̀rọ̀ àlejò tipẹ́. Àwọn àgbà máa ń sọ ọ́ pé: "Ìjẹ̀bú-Òde, àjèjì kì í wọ̀ ọ́, bí àjèjì bá wọ̀ ọ́ láàárọ̀, wọ́n á fi ṣẹbọ lálẹ́." Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń dẹ́rù bani ni, òwò ló sì wà nídìí rẹ̀. Àárín Èkó àti àwọn ìlú òkè ni a wà, àwọn baba wa kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba orí wọn kọjá lọ nájà, wọ́n fi oníbodè ṣọ́ ọ̀nà. Ìgbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun wa ní ogun Ìmàgbọn, ní oṣù karùn-ún ọdún 1892, ni ọ̀nà tó là. Oníbodè ti lọ o. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ òjò yẹn, èmi ni oníbodè.

Bẹ́ẹ̀ ni Ìjẹ̀bú kò ṣahun. Ẹni tó bá ránṣọ Ojúde Ọba rí yóò jẹ́rìí mi. Kí Iléyá tó dé, kí ọjọ́ kẹta rẹ̀ tí í ṣe ọjọ́ Ojúde Ọba tó pé, aṣọ àwọn Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí wa, máa ń ga dé àjà ṣọ́ọ̀bù mi. Mo ti rí ẹgbẹ́ tó san owó aṣọ àti owó ìránṣọ fún ọmọ ẹgbẹ́ wọn tí àìsàn dá dúró, tí wọ́n ní kí n má sọ fún un ẹni tó mú owó wá. Ẹni tí a jọ dá aṣọ, a mọ̀ ọ́n tọ́jú. Ẹni tí kò bá wa dá aṣọ ńkọ́, tí a kò mọ ilé baba rẹ̀, tí a kò sì ní rí mọ́ lẹ́yìn òní?

Inú ọkọ̀ ni mo ti rí ẹni tó dá mi lóhùn. Mò ń lọ ra léèsì ní ọjà Balógun l'Ékòó, ọkọ̀ Bẹ́gà ni mo wọ̀. A ti kọjá Mọ́wé, gosiló dá wa dúró, ni bàbá àgbàlagbà kan bá ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ta ni yóò bá mi pe ọmọ mi? Fóònù tèmi ti kú." Gbogbo wa la gbójú sí fèrèsé, àfi bí ẹni pé àrà kan wà níta.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jókòó lẹ́yìn ló ní, "Bàbá, ẹ ka nọ́ńbà náà, èmi á bá yín tẹ̀ ẹ́." Bàbá ṣí fìlà, ó yọ ìwé pélébé kan tí wọ́n dì sínú ọ̀rá. Òógùn ti pa nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn rẹ́, a ò mọ̀ bóyá 3 ni tàbí 8. Ọmọ náà tẹ 3, ó sọ ọ́ sí sípíkà, ó na apá kí bàbá lè gbọ́. Ọkùnrin kan tí a ò mọ̀ rí ló gbé e. "Ẹ má bínú sà, àṣìpè ni, bàbá kan ló ń wá ọmọ rẹ̀." Ọkùnrin náà ní, "Kò sí wàhálà. Ọlọ́run á jẹ́ kí wọ́n rí i." Gbogbo ọkọ̀ ṣe àmín. Ó tẹ 8. "Bàbá! Ibo lẹ wà láti àárọ̀?"

Ohun tó wọ̀ mí lára ni pé ẹ̀rù ń ba ọmọ yẹn náà. Kò fi fóònù rẹ̀ lé bàbá lọ́wọ́, ó dì í mú dan-in dan-in títí ọ̀rọ̀ fi parí. Ó ṣọ́ra, ó sì ṣàánú. Mo ti rò pé ọ̀kan ni èèyàn lè mú níbẹ̀.

Láti ìgbà náà ni ojú mi ti ń là sí i. Ní títì iwájú ṣọ́ọ̀bù mi yìí, kò sí ọlọ́kadà tó gbàgbé ká sítáńdì rẹ̀ tí èèyàn márùn-ún kò ní pariwo "Sítáńdì o!" tẹ̀lé e. Kò sí obìnrin tí ìró rẹ̀ ń wọ́ lọ sẹ́nu táyà tí wọn kò ní ké sí. Wọn kò mọ̀ wọ́n rí, wọn kì í sì í dúró gba "ẹ ṣé". Ojoojúmọ́ ni, etí mi ló ti dí sí i.

Mo ti gbé bẹ́ǹṣì kan síta báyìí, mo sì fa wáyà iná ojú mẹ́rin dé ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó fẹ́ ṣáàjì kò ní láti wọ inú ṣọ́ọ̀bù, ojú tèmi náà wà lára ẹrù mi. Kò ná mi ju owó wáyà lọ. Ẹ bá mi fi lọ àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù nítòsí gáréèjì, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ní Ṣàgámù, ní Ìkẹ́nnẹ́. Ẹ bá mi bẹ àwọn alága gáréèjì náà pé kí wọ́n wá ibi kan tí arúgbó lè fìdí lé títí ọkọ̀ yóò fi kún.

Ọmọbìnrin ọjọ́ òjò yẹn, bí ìwé ìròyìn yìí bá kàn ọ́ lọ́wọ́, iná wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Má bínú. Bí o bá tún gba Lagos Garage kọjá, ọwọ́ òsì ẹnu ọ̀nà ni wáyà náà wà.

Èmi ni,
Aránṣọ kan, Ìjẹ̀bú-Òde