Lẹ́tà sí Àjíkẹ́ lórí tíìkì tí ó fẹ́ gbìn

Ìjerò-Èkìtì.

Àjíkẹ́ ọmọ mi,

Mo rí ìwé rẹ gbà, inú mi sì dùn pé ilẹ̀ tí mo pín fún ọ kò kúrò lọ́kàn rẹ ní Èkó tí o wà. O ní kí n wá ẹni tí yóò ṣán éékà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí a fi igi tíìkì kún un láti orí òkè dé etí odò. Mo bẹ̀ ọ́, má gbìn ín sí gbogbo rẹ̀.

Kì í ṣe nítorí pé igi àjèjì ni. Kòkó tí owó rẹ̀ rán ọ níléèwé, ilẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà ni ó ti wá. Tíìkì, tí ó ti Íńdíà àti Bọ́mà wá, ti wọ ilẹ̀ Nàìjíríà láti bí ọdún 1902. Mo sì mọ ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń gbìn ín dípò ìrókò: bí a bá gbin ìrókò pọ̀ sójú kan, kòkòrò kan a máa ba ọ̀mùnú rẹ̀ jẹ́, ewé a wú kókókókó, igi náà kò sì ní ga. Tíìkì kò ní wàhálà yẹn, àwọn tó ń ra òpó iná sì ń wá a.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí o mọ ohun tí ojú mi rí lábẹ́ èyí tí mo gbìn sẹ́yìn ahéré. Ewé rẹ̀ fẹ̀ ju àwo ìjẹun lọ. Bí òjò bá rọ̀, omi a kó jọ sórí rẹ̀, a sì máa já bọ́ ní ẹ̀kán ńláńlá lu ilẹ̀ tí kò ní koríko kankan, títí gbòǹgbò fi yọ síta, tí àgbàrá sì gbá iyẹ̀pẹ̀ dúdú lọ sínú odò. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ewé náà a wọ́ sílẹ̀, a gbẹ, a sì máa dún wàràwàrà lábẹ́ ẹsẹ̀. Lọ́dún kan, iná ọdẹ ṣẹ́ wọ ibẹ̀, kí a sì tó bu omi dé, ìlà kòkó mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti jóná.

Èyí tó ká mi lára jù ni kùkùté rẹ̀. Bí o bá gé tíìkì, kì í kú. Ẹ̀ka tuntun mẹ́rin márùn-ún a tún hù lára rẹ̀. Èyí dùn mọ́ onígẹdú nínú, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kọ ebè iṣu síbẹ̀ lẹ́yìn náà yóò wú gbòǹgbò títí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Nítorí náà, bi ara rẹ pé: apá ibo nínú ilẹ̀ yìí ni ìwọ àti ọmọ rẹ kò ní í bèèrè oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́?

Ní tèmi, éékà kan tó tẹ́jú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, níbi tí omi kì í dúró sí, tí ọkọ̀ sì lè dé, ni kí o gbìn ín sí, kí a sì máa ro etí rẹ̀ yí ká kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé. Má fọwọ́ kan arère àti ìrókò etí odò. Ìhà tí ó bá ti àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pààlà, má gbin igi síbẹ̀ rárá kí a tó jọ fẹsẹ̀ rin ààlà, nítorí lójú àṣà wa, ẹni tó gbin igi olówó sórí ilẹ̀ ti sọ pé òun ló ni ín.

Mo ti ní kí ẹni tí yóò ṣán oko ṣì dúró. Wá sílé kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.