Ìwé tí Ùríà fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé lọ sójú ogun

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n nínú Olúwa,

Lọ́sẹ̀ yìí, orí 11 nínú ìwé Sámúẹ́lì Kejì ni mo ń kà léraléra, n kò sì lè gbé e kúrò lọ́kàn. Ẹ̀ṣẹ̀ Dáfídì ọba, tó gba Bátíṣébà aya Ùríà, ni a sábà máa ń fi ibẹ̀ wàásù, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí a wo ọkùnrin tó kú.

Iṣẹ́ ogun ni Ùríà yàn láàyò. Orí 23 ka orúkọ rẹ̀ kẹ́yìn nínú àwọn akọni Dáfídì, ó ní gbogbo wọn jẹ́ 37. Ará Hítì ni, síbẹ̀ ó ja ogun Ísírẹ́lì bí ẹni tó ń gbèjà ilé baba rẹ̀. Nígbà tí ọba pè é wá láti ojú ogun Rábà, tó ní kí ó lọ sílé lọ wẹ ẹsẹ̀, ẹnu ọ̀nà ààfin ló sùn sí, nítorí pé Jóábù ọ̀gá rẹ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní gbangba pápá, kò sì lè máa jẹ, kí ó máa mu, kí ó sì sùn ti aya rẹ̀. Ọba fún un lọ́tí títí ó fi yó, síbẹ̀ kò lọ sílé. Ìgbà náà ni wọ́n fi ìwé lé e lọ́wọ́ fún Jóábù, ikú ara rẹ̀ ló sì wà nínú rẹ̀.

Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ròyìn rẹ̀. Jóábù kọ́ ìránṣẹ́ pé bí inú bá ń bí ọba nítorí pé wọ́n sún mọ́ odi jù, kí ó sọ pé Ùríà náà ti kú. Gbólóhùn kan péré, láti fi tu ọba lójú! Ọba sì fèsì pé kí Jóábù má ba ọkàn jẹ́, nítorí kò sí ẹni tí idà kì í pa. Kò sí ẹni tó béèrè bí ọkùnrin náà ṣe dúró títí ó fi ṣubú.

Ìlú Ògèdèǹgbé ni Iléṣà. Àwọn baba wa wà nínú ogun Kírìjì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, tí ibùdó rẹ̀ kò sì tú títí di 1893. Ó yẹ kí a mọ ohun tí ojú ológun ń rí. Ogun tó ti ń jà ní Bọ̀rnó láti 2009 ṣì ń pa àwọn ọ̀gá ológun, ṣùgbọ́n kí òkú tó délé ni ẹnìkan ti ń wá ìwé ilẹ̀, tí ẹlòmíràn ń béèrè owó báńkì. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ẹni tí kò bá olóògbé ṣọ́ òru kan lójú ogun kò gbọdọ̀ pín ohun tó fi sílẹ̀ lójú aya àti ọmọ rẹ̀. Orúkọ ẹni tí yóò gba ẹ̀tọ́ rẹ̀, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ológun, ẹ má wá ọ̀nà láti yí i. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń ka ìgbà tí opó jáde àti ìgbà tó wọlé, ẹ pa ẹnu mọ́. Àwọn alàgbà wà nínú yín, ó sì dùn mí gidigidi. Nígbà tí Mátíù ń to ìran Jésù, aya Ùríà ló ṣì pe obìnrin náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ààfin Dáfídì ló wà nígbẹ̀yìn.

Ẹ̀yin ọmọ mi, n kò kọ èyí láti lé ẹnikẹ́ni sẹ́yìn. Mo rí ẹ̀yin tí ẹ pọn omi fún àwọn opó, tí ẹ se oúnjẹ, tí ẹ sùn ti àwọn ọmọ kí ẹ̀rù má bà wọ́n. Olúwa yóò san án fún yín. Ẹni tó bá ti mú ohun kan, kí ó gbé e wá sọ́dọ̀ mi nírọ̀lẹ́. N kò ní bi í léèrè ohunkóhun, àdúrà ni a óò jọ gbà.

Ìkéde: Ọrẹ fún àwọn opó ológun yóò wáyé ní ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Ẹ mú àdá àti ìgbálẹ̀ wá ní àárọ̀ Sátidé fún ìmọ́tótó àyíká ìjọ. Ẹ̀kọ́ ìrìbọmi ti di Ọjọ́rú, agogo 5 ìrọ̀lẹ́.