Àbẹ̀kẹ́, Máa Bọ̀ Nílé

Àkúrẹ́

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Láti alẹ́ ọjọ́ Àìkú tí o ti pè mí ni oorun ti dá lójú mi. O ní àfẹ́sọ́nà rẹ gbá ọ létí, o ní ó ti bẹ̀ ọ́. Ìyẹn dùn mí. Ṣùgbọ́n gbólóhùn tó tẹ̀ lé e ló pa mí lẹ́kún: "Màámi, mo ti pé 31. Ta ni mo tún fẹ́ rí?"

Èmi ni mo kọ́ ọ lọ́rọ̀ yẹn. Bí a bá ti òde ìyàwó dé, èmi ni mo máa ń sọ pé ọkùnrin ò pọ̀ níta mọ́, pé ọjọ́ orí ń lọ. Mo rò pé ìmọ̀ràn ni mò ń gbà ọ́, àṣé ẹ̀rù ni mò ń gbìn sí ọ lọ́kàn. Dárí jì mí, ọmọ mi.

Ẹni tó bá ti gbà pé òun ò lè rí ẹlòmíràn mọ́, kò sí ìyà tí kò ní gbà mọ́ra. Ọkùnrin tó bá sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀, yóò máa dán an wò díẹ̀díẹ̀: yóò gba fóònù rẹ̀ yẹ̀ wò, yóò ní kó má lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mọ́, lẹ́yìn náà ni ìgbájú. Ṣebí òun ló sọ fún ọ pé obìnrin mẹ́wàá ló ń dúró de òun níta? Okùn tó fi ń so ọ́ mọ́lẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀bi lílù náà sì wà lọ́rùn rẹ̀ o, kò sí lọ́rùn rẹ rárá.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń ta aṣọ l'Ọ́jà Ọba fara da irú rẹ̀ fún ọdún 11, torí "ta ni yóò fẹ́ mi?" Etí òsì rẹ̀ ò gbọ́ràn mọ́ dòní.

Ìwádìí ìlera tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2018 fi hàn pé nínú obìnrin 100 tó ti lọ́kọ rí, nǹkan bí 36 ni ọkọ wọn ti lù, tàbí fipá bá lò pọ̀, tàbí fi ìwọ̀sí àti ìhalẹ̀ dà lọ́kàn rú. Gbogbo àwọn yẹn ló rí ọkọ fẹ́, Àbẹ̀kẹ́. Tìrẹ ò tíì san owó orí, ó ti ń gbá ọ létí.

Òfin tó de irú ìwà yìí ti wà ní ìpínlẹ̀ wa láti 2021. Bó bá di ti ọlọ́pàá, èmi ni màá tẹ̀ lé ọ lọ. Àmọ́ má dá lọ bá a pé o ò ṣe mọ́. Ìgbà tí obìnrin bá fẹ́ kúrò ni inú irú wọn máa ń ru jù.

Lọ́jọ́ Ẹtì, bí ilé ìwé bá ti parí, wọ ọkọ̀ láti Oǹdó wá. Kó àwọn ìwé ẹ̀rí rẹ dání. Bàbá rẹ ti gbọ́, kò bínú sí ọ. Ó ti pààrọ̀ àgádágodo yàrá rẹ.

Èmi ni,
Màmá rẹ