Ẹ Bá Mi Ka Lítà Epo Ìbàdàn sí Ṣakí

Sí Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Nínú ìwé ìròyìn yín tó jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan kọ lẹ́tà pé olè ni gbogbo àwa awakọ̀ èrò. Ó ní bí epo bá gbówó lórí láàárọ̀, a ti máa ń fowó lé owó ọkọ̀ kó tó di ọ̀sán, ṣùgbọ́n bí epo bá wálẹ̀, a ó di adití. Ó wá ní kí owó ọkọ̀ Ìbàdàn sí Ṣakí padà sí 2,500 náírà tó wà tẹ́lẹ̀. Inú ọkọ̀ mi ni mo ti ka lẹ́tà náà, ní gárèèjì, níbi tí mo ti ń retí èrò keje. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ fa ìwé ìròyìn náà ya, àfi bí mo ṣe rántí pé owó ara mi ni mo fi rà á. Mo ká a, mo tì í bọ abẹ́ síìtì. Nígbà tí mo dé Ṣakí, mo tún mú un jáde, mo tún un kà. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé ìdajì ohun tí alágbà náà sọ, òótọ́ ni. Ìdajì yòókù ni mo fẹ́ bá a yanjú.

Bàbá Ìbejì ni wọ́n ń pè mí ní gárèèjì. Ẹni ọdún 58 ni mí, Toyota Sienna ni mò ń wà, ọkọ̀ ara mi ni, mi ò san owó ojúmọ́ fún ọlọ́kọ̀ kankan mọ́. Mọ́níyà ni mò ń gbà dé Ìsẹ́yìn, kí n tó kọjá sí Òtu, Tedé, Àgọ́-Àrẹ, títí dé Ṣakí. Ẹ jẹ́ kí n dúpẹ́ lórí ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìsẹ́yìn yẹn, nítorí pé kí wọ́n tó tún un ṣe, inú kòtò ni púpọ̀ nínú epo wa ń ṣòfò sí.

Mo ní ìwé kan, irú ìwé àwọn ọmọ iléèwé tí wọ́n máa ń tẹ ìsọdipúpọ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Inú rẹ̀ ni mò ń kọ gbogbo epo tí mo bá rà sí. Ìyàwó mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé akọ̀wé báńkì ò kọ ìṣirò tó tèmi. Ohun tí ìwé náà sọ nìyí: Ìbàdàn sí Ṣakí tó nǹkan bíi 180 kìlómítà lójú mítà ọkọ̀ mi. Bí Sienna mi bá ru èèyàn méje àti ẹrù wọn, lítà 23 ló ń mu kó tó débẹ̀. Àlọ àti àbọ̀, lítà 46. Kò sí ọgbọ́n tí mo lè dá tí yóò fi di 30.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, 185 náírà ni mò ń ra lítà kan, ìyẹn ni pé 8,510 náírà ni epo àlọ àti àbọ̀. Lọ́jọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún náà, ọjọ́ tí wọ́n búra fún Ààrẹ Tinubu tó sì kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, Òtu ni mo wà nígbà tí èrò kan gbọ́ ọ lórí fóònù rẹ̀. A rò pé àwàdà ni. Kí n tó wọ Ìbàdàn nírọ̀lẹ́, àwọn ilé epo kan ti fi okùn dí ẹnu ọ̀nà, ìlà ọkọ̀ sì ti gba apá kan títì. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, lítà kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 500 náírà. Obìnrin kan tó ń lọ sí orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ sọ fún mi lóṣù tó tẹ̀ lé e pé kpayo, epo Nàìjíríà tí wọ́n ń tà nínú ìgò lẹ́bàá títì lọ́dọ̀ tiwọn, náà ti fò sókè. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹwàá ọdún 2024, mo ra lítà kan ní 1,100 náírà. Ẹ bá mi sọ ọ́ dipúpọ̀: 50,600 náírà fún ìrìn àjò kan ṣoṣo. Àwa tí a ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí ní 2012 ò gbàgbé pé nígbà tí wọ́n gbé epo láti 65 náírà sí 141 lọ́jọ́ ọdún tuntun, gbogbo ìlú ló dáṣẹ́ sílẹ̀ títí wọ́n fi dá a padà sí 97. Náírà 97! Inú ṣì ń bí wa nígbà yẹn o.

Ẹni tó bá ń rin ọ̀nà jíjìn yóò kọ́ ọgbọ́n, bó fẹ́ bó kọ̀. Láti 2023 ni mo ti pa éésìì, fèrèsé la ń ṣí, àwọn tó bá wọ léèsì funfun lọ sóde máa ń bá mi jà nítorí eruku. Mo tú irin ẹrù orí ọkọ̀ kúrò, torí pé atẹ́gùn tó ń kọlù ú ń jẹ epo. Mo ra géèjì táyà tèmi, mi ò fi ẹsẹ̀ ta táyà mọ́ láti mọ̀ bóyá atẹ́gùn inú rẹ̀ pé. 80 ni mò ń sá. Bí àwọn ọmọdé awakọ̀ bá ń tẹ họ́ọ̀nù lẹ́yìn mi, mo máa ń ya fún wọn kí wọ́n kọjá. Ìbàdàn ni mo sì ti ń ra epo àlọ àti àbọ̀ pa pọ̀, torí pé bí a bá ṣe ń wọ inú lọ ni owó epo ń le sí i.

Ọgbọ́n kan wà tí mo fi ogún ọdún lò, kí n tó mọ̀ pé ara mi ni mò ń tàn. Bí mo bá dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, mo máa ń já jíà sí fírì kí ọkọ̀ máa yí lọ fúnra rẹ̀, pé mò ń ṣọ́ epo lò. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ kan tó ń fi kọ̀ǹpútà yẹ ọkọ̀ wò bá mi jáde gba ọ̀nà Mọ́níyà. Ó so ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́ abẹ́ sítíárìn. Bí a ṣe dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó ní, “Bàbá, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí àsẹlẹ́rétọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má já jíà.” Mo rí i lójú ẹ̀rọ pé epo tó ń wọ ẹ́ńjìnnì di òdo. Ó ní kí n wá já a sí fírì bí mo ṣe máa ń ṣe. Nọ́ńbà náà tún gbéra, nítorí pé ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ mu epo díẹ̀ kó má baà kú. Mi ò lè sọ̀rọ̀ títí a fi dé gárèèjì. Ẹ ò ri pé níbi tí mo rò pé mo ti ń pa epo mọ́ ni mo ti ń dà á nù.

Wọ́n ní ká yí ọkọ̀ padà sí èyí tó ń lo gáàsì ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní CNG, tí kì í ṣe gáàsì ìdáná, ìjọba àpapọ̀ sì ní àwọn á ran awakọ̀ èrò lọ́wọ́. Mo ti lọ wò ó. Sìlíńdà náà gba gbogbo búùtù, ibi tí iṣu àti èlùbọ́ èrò ń wà. Láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí, mi ò sì tíì rí ibi tí mo ti lè ra gáàsì náà.

Ohun kan wà tí alágbà yẹn ò mẹ́nu bà rárá: ìwọ̀n. Mo ní kẹ́ẹ̀gì onílítà mẹ́wàá kan. Nílé, mo fi ìgò omi onílítà kan wọn omi sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, mo wá fi pọ́líìṣì èékánná ìyàwó mi fa ìlà pupa síbi tí omi náà dé. Mo gbé e lọ sí ilé epo kan tí mo ti ń ra epo tipẹ́, mo ní kí ọmọbìnrin tó ń ta epo wọn lítà mẹ́wàá sínú rẹ̀. Ojú ẹ̀rọ sọ pé mẹ́wàá ti pé. Epo inú kẹ́ẹ̀gì fi ìka méjì wà nísàlẹ̀ ìlà. Ọmọ náà wo ìlà pupa, ó wò mí, ó bojú wẹ̀yìn bóyá ọ̀gá rẹ̀ ń bọ̀, ó wá rọra ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, èmi kọ́ ni mo ṣètò rẹ̀.” Kí ni mo fẹ́ bá ọmọ yẹn jà sí? Bóyá ni owó oṣù rẹ̀ tó ra táyà kan. Mo sanwó, mo lọ. Nígbà tí mo wọ̀n ọ́n nílé, lítà mẹ́sàn-án àti díẹ̀ ni. Pátákó wọn ń sọ 1,100, nǹkan bíi 1,200 ni mo san.

Ká wá padà sórí ẹ̀sùn. Ní ìparí 2024 àti nínú ọdún 2025, iléeṣẹ́ ìfọpo Dangote dín owó epo kù lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn ilé epo náà sì tẹ̀ lé e, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n wọ́ ẹsẹ̀. Ó dé ọjọ́ kan tí èmi náà ra lítà kan ní 900 náírà. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni màmá arúgbó kan, oníbàárà mi, wọ ọkọ̀ ní Òtu, ó ń lọ ṣàyẹ̀wò ojú n'Íbàdàn. Ó tú owó tó so mọ́ etí ìró rẹ̀, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, kò pé. Ó ní, “Bàbá Ìbejì, wọ́n ní epo ti wálẹ̀. Ṣé kò tíì wálẹ̀ dé Òtu ni?” Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà há mi lọ́fun. Mo ní kí màmá fi ìyókù sílẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo ṣí ìwé mi. Láti 1,100 sí 900, igba náírà ló dín lórí lítà kan. Lórí lítà 46, ó jẹ́ 9,200. Ẹ pín in fún èrò 14, méje àlọ, méje àbọ̀: 657 náírà. Ohun tó yẹ kí èrò kọ̀ọ̀kan rí gbà padà nìyẹn bí ọkọ̀ bá kún lọ tó sì kún bọ̀. 6,500 náírà là ń gbà nígbà yẹn, a ò yọ kọ́bọ̀ kankan. Alágbà tó kọ lẹ́tà jàre lórí 657 náírà yẹn, mo gbà fún un.

Ibi tí mi ò gbà ni pé kí owó ọkọ̀ padà sí 2,500 tó wà ṣáájú ọjọ́ ìbúra yẹn. Táyà tòkunbọ̀ tí mò ń rà ní 12,000 ti di 32,000, kò sì wálẹ̀ nígbà tí epo wálẹ̀. Owó ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ti di ìlọ́po mẹ́ta. Tíkẹ́ẹ̀tì gárèèjì ò mọ ohun tó ń jẹ́ wálẹ̀. Èyí tó burú jù ni pé èèyàn ò rìn mọ́. Àwọn tó ń lọ kí ìyá wọn lóṣooṣù ti sọ ọ́ di ọdọọdún, orí fóònù ni ìyókù. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ń fi èèyàn mẹ́rin padà láti Ṣakí. Àga tó ṣófo náà kì í sọ pé kí ọkọ̀ má mu epo tòun.

Mo gbé ìwé mi lọ bá àwọn àgbà gárèèjì, mo ní ká yọ 500. Ọ̀kan ní, “Bàbá Ìbejì, ṣé ìwọ lo fẹ́ ba ọjà jẹ́ fún wa?” Òmíràn ní bí a bá yọ ọ́ lónìí, tí epo bá gbéra lọ́la, ìjà ni èrò yóò bá wa jà. Ọ̀rọ̀ tiẹ̀ yẹn kì í ṣe irọ́. Mo yọ 500 tèmi, mo ń gba 6,000. Wọ́n fi mí sí ẹ̀yìn ìlà fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Kí ẹnikẹ́ni má tìtorí èyí pè mí ní ẹni mímọ́ o. Lọ́jọ́ tó ku ọ̀la Iléyá ọdún 2024, 8,000 ni mo gbà lọ́wọ́ èrò kọ̀ọ̀kan lọ sí Ṣakí, nígbà tí owó ọkọ̀ jẹ́ 4,500. Epo ò gbówó lórí lọ́jọ́ yẹn. Èrò ló pọ̀. Mo fi owó náà kún owó àgbò.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé jáde ni pé kí gárèèjì kọ̀ọ̀kan fi pátákó kan kọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Kí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ iye lítà tí ojú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ń jẹ, iye tí lítà kan jẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, àti owó ọkọ̀. Lọ́nà tiwa, bí lítà bá fi 100 náírà gòkè, nǹkan bíi 300 ni yóò fi kan èrò kan. Bó bá fi 100 wálẹ̀, kí owó ọkọ̀ fi 300 wálẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ wá. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ìwọ̀n wò náà, kí wọ́n kọjá ìgboro Ìbàdàn, kí wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì tiwọn dání wá sí ọ̀nà Òkè-Ògùn.

Alágbà tó kọ lẹ́tà, lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, mo ti fi àga iwájú pamọ́ fún yín. 6,000 náírà ni. Kẹ́ẹ̀gì tó ní ìlà pupa wà nínú búùtù, ìwé mi sì wà nínú ọkọ̀. Ẹ mú bírò dání.

Èmi ni tiyín,
Bàbá Ìbejì,
Awakọ̀ Ìbàdàn sí Ṣakí